William Froude: Ẹni tó fi ọkọ̀ kékeré tú àṣírí ọkọ̀ òkun ńlá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òwe yìí bá ìtàn William Froude mu gan-an, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó kú sí ilẹ̀ Áfíríkà ní ọjọ́ 4, oṣù Karùn-ún, ọdún 1879. Ọkọ̀ kékeré tí kò ju ohun ìṣeré ọmọdé lọ lójú àwọn ẹlòmíràn ló fi ṣe iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn ògbóǹtarìgì tó ń kan ọkọ̀ òkun nígbà náà fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n lónìí, ó ṣòro kí wọ́n tó kan ọkọ̀ òkun ńlá kan láì lo òfin tí ọkùnrin yìí fi sílẹ̀.

Ẹnì kan lè bèèrè pé kí ló kan ará Òkè-Àkó, Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìdó nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun, nígbà tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ gbígbẹ la wà. Ó kàn wá o. Kòkó tí àgbẹ̀ wa ń sá sí ìta, ọkọ̀ òkun ló ń gbé e kúrò ní Èkó lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ẹja pánla tó ń wọ inú ọbẹ̀ wa, láti Norway ló ti ń bọ̀. Mọ́tò tòkunbọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta, orí omi ni wọ́n gbà dé. Owó epo tí ọkọ̀ òkun ń jó wà nínú iye tí a ń ra ọjà, ó sì wà nínú iye tí oníkòkó ń gbà. Ohunkóhun tó bá jẹ́ kí omi máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn, àpò wa náà ló ń fà.

Ọmọ àlùfáà tó mọ ìṣirò

Ọjọ́ 28, oṣù Kọkànlá, ọdún 1810 ni wọ́n bí Froude ní abúlé Dartington, ní agbègbè Devon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àlùfáà àgbà nínú ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Ilé àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n bí i sí. Hurrell, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà lára àwọn àlùfáà tó dá ìgbìyànjú àtúnṣe ìjọ sílẹ̀ ní Oxford. James Anthony, àbúrò rẹ̀, di òǹkọ̀tàn tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Ní ti William, ìṣirò ló fà á lọ́kàn mọ́ra. Ó kàwé ní ilé ẹ̀kọ́ Westminster, ó sì lọ sí Oriel College ní Oxford, níbi tó ti gba ipò kìíní nínú ìṣirò ní ọdún 1832.

Ní ọdún 1837, ó di ọ̀kan lára àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń bá Isambard Kingdom Brunel ṣiṣẹ́. Brunel yìí ni gbajúgbajà tó ń la ọ̀nà reluwé, tó ń ṣe afárá, tó sì tún ń kan ọkọ̀ òkun. Reluwé tó ti Bristol lọ sí Exeter ni Froude bá a ṣe. Níbẹ̀ ló ti kọ́kọ́ fi ọgbọ́n orí rẹ̀ hàn. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò gba orí òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè kọjá mọ̀ pé bí awakọ̀ bá já wọ kọ́nà lójijì, ṣe ni èrò á máa fi ara gbá ara. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún reluwé. Froude wá ọ̀nà láti fi ìṣirò tẹ irin ojú ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀, kí ọkọ̀ má baà mọ̀ ìgbà tó wọ kọ́nà.

Ó fẹ́ Catherine Holdsworth ní ọdún 1839. Ní ọdún 1846, ara bàbá rẹ̀ kò le mọ́. Froude fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì padà sílé lọ tọ́jú bàbá, títí tí bàbá náà fi jáde láyé ní ọdún 1859. Ọ̀pọ̀ rò pé ọkùnrin náà ti sin ẹ̀bùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn. Wọn kò mọ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ ńlá rẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí ọkọ̀ fi ń yí gbirigbiri lórí ìgbì

Brunel ló tún wá a kàn. Ó ń kan ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Great Eastern, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 692. Kò tíì sí ọkọ̀ tó tó o rí ní gbogbo ayé. Brunel fẹ́ mọ bí irú ọkọ̀ bàǹtà-banta bẹ́ẹ̀ yóò ṣe máa fì lápá ọ̀tún àti lápá òsì bí ìgbì bá dé. Ní 1857 ló gbé ìbéèrè náà síwájú Froude. Ọkọ̀ náà bọ́ sómi ní 1858, Brunel sì kú ní 1859, ṣùgbọ́n Froude kò fi ìbéèrè náà sílẹ̀.

Ní ọdún 1861, ó gbé ìdáhùn rẹ̀ síwájú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ òkun. Ẹ wo ọmọdé tó ń ṣeré lórí jangirọ́fà. Bí ẹni tó ń tì í bá ń tì í ní àsìkò tó yẹ gẹ́lẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ròkè sí i. Bákan náà ni ọkọ̀. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye àkókò tó máa ń lò láti fì lọ kó sì fì bọ̀. Bí àkókò ìgbì bá bá ti ọkọ̀ mu, ewu dé. Froude tún fi hàn pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe kó dúró gbagidi jù lọ lórí omi pẹ̀lẹ́ ló máa ń fi agídí tẹ̀ lé ìgbì jù lọ. Ohun tí àwọn èèyàn rò pé ó jẹ́ ààbò lè di ìyọnu.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1870, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Captain dojú dé nínú ìjì ní etíkun Spain. Àwọn tó bá a lọ sún mọ́ 500. Wọ́n ti kan ọkọ̀ náà lòdì sí ìkìlọ̀ àwọn tó mọ ìṣirò. Ẹ̀mí ló ń bá àṣìṣe irú èyí lọ.

Swan àti Raven

Ìbéèrè kejì tó gbà á lọ́kàn ni pé agbára ẹ̀ńjìnnì mélòó ni ọkọ̀ kan nílò kó tó lè sáré tó bí wọ́n ṣe fẹ́. Nígbà ayé Froude, kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Wọn á kan ọkọ̀ tán, wọn á náwó rẹpẹtẹ, ìgbà tó bá dé ojú omi ni wọn yóò tó mọ̀ bóyá ó lè sáré. Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi ọkọ̀ kékeré wò ó, ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ̀ kékeré sọ kì í bá ti ọkọ̀ ńlá mu. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ gbà pé irọ́ ni ọkọ̀ kékeré ń pa.

Ní 1867, Froude ṣe oríṣi ọkọ̀ kékeré méjì, ó sì gbé wọn lọ sí odò Dart nítòsí ilé rẹ̀. Ó pe ọ̀kan ní Swan, ìyẹn ẹyẹ omi ọlọ́rùn gígùn; imú tirẹ̀ tóbi roboto. Ó pe èkejì ní Raven, ìyẹn ẹyẹ ìwò; imú tirẹ̀ mú ṣóṣóró. Ó ṣe wọn ní ẹsẹ̀ bàtà 3, 6 àti 12. Gbogbo ayé gbà nígbà náà pé imú ṣóṣóró ló dára jù. Òótọ́ ni pé Raven ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n rọra ń fà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré pọ̀ sí i, Swan ló rọrùn láti fà jù.

Ó tún rí ohun kan tó ju ìyẹn lọ. Bó ṣe ń wo ìgbì tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá sílẹ̀, ó rí i pé ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ ńlá máa ń dá ìgbì tó jọra bí eré wọn bá bá gígùn wọn mu ní ọ̀nà kan pàtó. Bí ọkọ̀ ńlá bá gùn ju kékeré lọ ní ìlọ́po 16, eré ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 4 ti kékeré, nítorí pé 4 lọ́nà 4 ni 16. Nígbà náà, agbára tí ìgbì fi ń fa ọkọ̀ ńlá sẹ́yìn yóò jẹ́ 16 lọ́nà 16 lọ́nà 16, ìyẹn ìlọ́po 4,096 ti kékeré. Òfin Froude nìyẹn. Ọkọ̀ kékeré kò purọ́ rárá. Àwọn tó ń bi í léèrè ni kò mọ èdè rẹ̀.

Wọ́n ní eré ọmọdé ni

Nígbà tó gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ẹgbẹ́, John Scott Russell, ẹni tó kan Great Eastern fún Brunel, dìde takò ó. Lójú tirẹ̀, ohun ìnàjú ni irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, kò lè sọ ohunkóhun nípa ọkọ̀ gidi. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan tí Froude fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀ náà fara mọ́ ọn pé ọkọ̀ gidi ni kí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò. Froude nìkan ló dá dúró, tó sì kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ẹni tó gbọ́ tirẹ̀ ni Edward Reed, ọ̀gá àwọn tó ń ya àwòrán ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1870, ìjọba fọwọ́ sí 2,000 pọ́n-ùn fún iṣẹ́ náà. Froude kò béèrè owó iṣẹ́ fún ara rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chelston Cross, ní ìlú Torquay, ló gbẹ́ kòtò omi náà sí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 278, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 36, jíjìn rẹ̀ sì jẹ́ 10. Wọ́n bò ó lórí kí atẹ́gùn má baà da omi rú. Irin bíi ti reluwé wà lókè omi, kẹ̀kẹ́ kan ń sáré lórí rẹ̀, ọkọ̀ kékeré sì wà lábẹ́ kẹ̀kẹ́ náà. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti ń lọ, irin onísípíríǹgì ń wọn bí omi ṣe ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, kálámù sì ń ya á sórí pépà.

Ìda tí wọ́n fi ń ṣe àbẹ́là ló fi ń ṣe ọkọ̀ kékeré rẹ̀. Ó fúnra rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ wọn. Bí ọ̀kan kò bá dára tó, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á sì fi ìda kan náà ṣe òmíràn.

Kí wọ́n má baà sọ pé ó ń tan ara rẹ̀ jẹ, ó ṣe àyẹ̀wò pẹ̀lú ọkọ̀ gidi. Ní ọdún 1871, ọkọ̀ ogun Active fi okùn fa ọkọ̀ ogun mìíràn tó ń jẹ́ Greyhound, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 172. Wọ́n so okùn náà mọ́ igi gbọọrọ tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí Greyhound má baà máa rìn nínú omi tí Active ti dà rú. Froude wọn agbára tó ń fà á. Ohun tí ọkọ̀ gidi sọ bá ohun tí ọkọ̀ kékeré ti sọ mu. Láti ìgbà náà, ẹnu àwọn tó ń rẹ́rìn-ín pa dé. Àyẹ̀wò náà tún fi hàn pé kò tó ìdajì agbára ẹ̀ńjìnnì Greyhound tó ń ti ọkọ̀ lọ síwájú ní tòótọ́. Ìyókù ń ṣòfò lọ́nà.

Omi tó ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀

Ìgbì nìkan kọ́ ló ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Omi tún máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ ki ọwọ́ bọ inú korobá omi, kí ẹ sì rọra fà á lọ fà á bọ̀, ẹ ó rí i pé omi ń bá ọwọ́ yín rìn. Bẹ́ẹ̀ ni omi ń bá ikùn ọkọ̀ rìn, ẹ̀ńjìnnì ló sì ń san owó ìrìn náà. Fún ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí kì í sáré púpọ̀, èyí ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń dá a dúró.

Òfin ìgbì tí Froude rí kò ṣiṣẹ́ fún èyí. Nítorí náà ló ṣe mú pákó pẹlẹbẹ, láti ẹsẹ̀ bàtà kan títí dé 50, ó fi wọ́n sínú omi, ó sì ń fà wọ́n. Ó kun àwọn kan ní fáníìṣì, ó fi ìda pa àwọn kan lára, ó fi aṣọ òwú bo àwọn kan, ó sì lẹ yanrìn mọ́ àwọn mìíràn. Pákó tí wọ́n fi aṣọ bò fa omi ní ìwọ̀n ìlọ́po méjì èyí tó dán. Ìdí nìyí tí àwọn atukọ̀ kì í fi í fẹ́ kí ewé omi àti ìkarahun lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀.

Ó tún rí i pé iwájú pákó ló ń jìyà jù. Bí a bá ka ohun tó ń fa ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan lára pákó ẹlẹ́sẹ̀ 2 sí 41, ti pákó ẹlẹ́sẹ̀ 50 jẹ́ 25. Ìdí ni pé nígbà tí omi bá fi dé ẹ̀yìn, iwájú ti mú un dání tó ń bá a lọ. Àwọn ìwọ̀n wọ̀nyí ló fi parí iṣẹ́ rẹ̀: kí á fi ìṣirò mú ti ara ọkọ̀ kúrò lọ́tọ̀, kí á fi òfin ìgbì sọ ìyókù di ńlá, kí á sì da méjèèjì pọ̀.

Nínú irú ìrònú yìí ni ìmọ̀ràn mìíràn ti yọjú. Bí ó bá jẹ́ omi ló ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀, kí ló dé tí a kò lè fi afẹ́fẹ́ sí àárín àwọn méjèèjì? Omi wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 800. Ọkọ̀ tó bá ń yọ̀ lórí afẹ́fẹ́ yóò dà bí ẹsẹ̀ tó tẹ ọbẹ̀ ilá mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ yìí ka Froude mọ́ àwọn tó kọ́kọ́ dá àbá náà, ní ọdún 1875. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Gustaf de Laval, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó ṣe ẹ̀rọ tó ń ya ọ̀rá kúrò lára wàrà, gbìyànjú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1880, ṣùgbọ́n kò yọrí sí rere.

Kì í ṣe pé àbá náà kò dára. Afẹ́fẹ́ kì í gbé abẹ́ omi. Òkè ló máa ń wá. Kó tó dé abẹ́ ọkọ̀, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi agbára tì í wọlé, agbára náà sì ń jó epo. Bí epo tó jó bá ju èyí tó fi pamọ́ lọ, a jẹ́ pé a ta adìẹ ra ẹyin. Àfi kí ìdí ọkọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀rọ sì má jẹun púpọ̀. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nígbà ayé Froude.

Ìgbàgbọ́ àti iyèméjì

Ohun kan wà tí Froude kò rí yanjú nínú ilé tirẹ̀. John Henry Newman, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Hurrell, fi ìjọ Áńgílíkà sílẹ̀, ó sì wọ ìjọ Àgùdà. Ní 1857, Catherine ìyàwó Froude tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ sì ṣe bẹ́ẹ̀. Froude kò lọ. Ẹni tí kì í gba ohunkóhun gbọ́ títí tó fi wọ̀n ọ́n ni. Ó gbà pé kò yẹ kí ènìyàn fọwọ́ sọ̀yà lórí ohun tí kò ní ẹ̀rí tó pé.

Ṣùgbọ́n kò bá ìyàwó rẹ̀ jà, kò sì kórìíra Newman. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn méjèèjì fi ń kọ lẹ́tà síra wọn lórí ohun tó yẹ kí ènìyàn gbà gbọ́ àti ìdí rẹ̀. Ìbéèrè Froude wà lára ohun tó mú kí Newman kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìgbàgbọ́, tó jáde ní ọdún 1870.

Catherine kú ní ọdún 1878. Ọ̀fọ̀ náà dun Froude púpọ̀. Ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi gbà á ní àlejò sínú ọkọ̀ ogun Boadicea tó ń lọ sí gúúsù Áfíríkà, kí ara lè tù ú. Ìgbẹ́ ọ̀rìn mú un níbẹ̀, ó sì kú ní Simon's Town, ní ẹni ọdún 68. Àwọn ọmọ ogun ojú omi sin ín pẹ̀lú ẹ̀yẹ tí wọ́n máa ń ṣe fún ọ̀gágun. Ní àkókò yẹn gan-an, Newman wà ní Róòmù láti di Kádínà, ó sì ń kọ èsì gígùn sí lẹ́tà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ikú dé kí èsì náà tó dé ọwọ́ Froude. Ìjọ Àgùdà kéde Newman ní ẹni mímọ́ ní ọdún 2019.

Ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀

Robert Edmund, ọmọ Froude, ló gba iṣẹ́ náà ṣe lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Ní 1886, wọ́n gbé e lọ sí kòtò omi tuntun ní Haslar. Ní Dumbarton, ní ilẹ̀ Scotland, ilé iṣẹ́ Denny ti kọ́ tiwọn ní ọdún 1883, wọ́n sì gbẹ́ orí Froude sí ara ògiri rẹ̀. Kòtò omi bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ayé báyìí. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ bá wọ ọkọ̀ Aureol láti Apapa lọ sí Liverpool láyé ọjọ́un, tí ẹ lo bí ọ̀sẹ̀ méjì lójú òkun, inú ọgbọ́n Froude lẹ wà láìmọ̀.

Àbá afẹ́fẹ́ náà kò kú. Ní ọdún 2010, ilé iṣẹ́ Mitsubishi ní Japan fi ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù Yamatai. Afẹ́fẹ́ náà ń jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ìhó ọṣẹ, ó sì ń tẹ́ ara rẹ̀ bí ẹní sábẹ́ ikùn ọkọ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní 2014, wọ́n dán irú rẹ̀ wò lára ọkọ̀ agbépo Amalienborg. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ohun tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ, ó ṣì dín agbára tí ọkọ̀ ń lò kù ní ohun tó ju ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó lè dà bíi pé ó kéré. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá kan lè jó ju 100 tọ́ọ̀nù epo lọ lójúmọ́. Ìdá 4 nínú rẹ̀ jẹ́ 4 tọ́ọ̀nù, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Abẹ́rẹ́ mà ni, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ohun tó yẹ kí àwa àti àwọn ọmọ wa mú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe owó ńlá ló ṣe iṣẹ́ yìí. Pákó, ìda, okùn, omi àti sùúrù ni. Omi wà ní dáàmù Ìtapájì. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Káfíńtà wa sì mọ pákó í fá. Bí ọmọ kan bá gbé ọkọ̀ kékeré wá sílé lọ́la, tó ní òun fẹ́ wọn bí omi ṣe ń fà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe pè é ní eré ọmọdé.